Omi Tí A Sè Dé Ìdajì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025

Mo ti dé. Yàrá kan, fèrèsé kan, òkè kan níwájú fèrèsé. Òkè ni gbogbo ibi tí mo bá wò ní Dassa — òkúta ràbàtà tó jókòó sẹ́yìn ilé bí ẹni tó ń ṣọ́ni. Ilẹ̀ Sakété tẹ́ títí dé ibi tí ojú lè ríran mọ. Níbí, ojú mi ń kọlu nǹkan ṣáá.

Ìyá Zéphirin ni onílé mi. Opó ni. Zéphirin ọmọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí apá àríwá, kì í sábà wálé. Ìyàwó Zéphirin, Táńtí Diane, ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ wọn, Modeste, ọmọ oṣù méjì. Ìdáàṣà, Yorùbá ìlú wọn, ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Mo ń gbọ́ ìdajì, mo ń fi ẹ̀rín dí ìdajì yòókù.

Èmi nìkan ni Mùsùlùmí nínú agbo ilé. Ìyá fi ibi tí mo ti lè kírun hàn mí kí n tó béèrè. Ó tún fi àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ hàn mí, ó ń wo ojú mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ kànga ni gbogbo ọ̀rọ̀ ilé yìí. Olóògbé, Bàbá Zéphirin, ló gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀ nínú àpáta, ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko. Àwọn ará àdúgbò ní ibojì ara rẹ̀ ló ń gbẹ́. Omi rú. Àwọn kan náà ló wá ń gbé korobá bọ̀. Ìyá ti sọ ìtàn yìí fún mi lánàá, ó tún sọ ọ́ lónìí, ó sì dùn mọ́ ọn bí ẹni pé àárọ̀ yìí ni omi náà rú. Kí Bàbá tó kú, ó ní níwọ̀n ìgbà tí kànga náà bá ń lómi, ọmọ ilé òun kankan kò gbọdọ̀ mu omi ìta.

Kànga wà ní ìsàlẹ̀ àgbàlá. Ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ wà lókè rẹ̀ díẹ̀, ṣáláńgá wà lókè ọgbà ẹlẹ́dẹ̀. Ilẹ̀ dà wá sísàlẹ̀. Mo kàn ṣàkíyèsí ni.

Mo ti sọ Ìyá lórúkọ, fún ara mi nìkan: Ìyá Ooru. Ìkòkò rẹ̀ kì í kúrò lórí iná. Omi Modeste ni. Ó máa ń kún un dé ọrùn ìkòkò, á sì máa koná mọ́ ọn títí omi yóò fi wálẹ̀ dé ìdajì. "Omi ìdajì," ó ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ló fi tọ́ Zéphirin. Ó ní ìyàwó òde òní á kàn jẹ́ kí omi ó hó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbé e sọ̀ — ọ̀lẹ.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Kíláàsì, ní ilé ìwé tí mo tìtorí rẹ̀ wá síbí. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ àfi Achille, ọmọ ìlú Tré, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nítorí pé kò sí àga mìíràn. Eyín rẹ̀ ní ìlà pupa-pupa bí ògiri tí òjò ṣàn sí. Ó rí i pé mo ń wò ó. "Omi ìlú wa ló kùn ún fún mi," ó ní, "ọ̀fẹ́ ni." Mo ní, "Ó ṣeun." Ó ṣeun! Ilẹ̀ ì bá yanu.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ìyá bọ̀ láti Mísà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó tì mí ní ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ Modeste ni. Eéwo yọ sí Táńtí Diane lọ́mú, wọ́n là á, wàrà sì dá. Mílíkì agolo ni ọmọ ń mu báyìí, omi ìdajì ni wọ́n fi ń pò ó.

"Ìwọ tó ń kọ́ ìmọ̀ òyìnbó," Ìyá ní, "ṣé sísè tí mò ń sè é pẹ́ yìí dára, àbí mò ń fi igi ṣòfò gẹ́gẹ́ bí Diane ṣe wí?"

Mo ní ó dára. Mo ní bí ó bá ṣe pẹ́ lórí iná tó ni ó ń mọ́ tó.

Ó pàtẹ́wọ́, ó pariwo sí yàrá: "Diane, o gbọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ti dá ẹjọ́!"

Inú mi dùn títí di alẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé, òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè ohun tí mo mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́. Ètè gbogbo wa ti la. Ti Modeste kò la, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Àbí ojú mi ni?

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Prof Serge, olùkọ́ wa, ti ní kí kálukú bu omi ilé rẹ̀ wá fún ìdánwò. Omi tiwa mọ́ gaara, mo tilẹ̀ fi yangàn díẹ̀ nínú ara mi. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fún wa. Ẹ tì í bọ omi, ẹ dúró, ẹ fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọn àwọ̀ tó wà lára agolo. Ti omi pọ́ńpù ilé ìwé funfun. Ti Achille funfun. Ohun tó ń kun eyín nínú omi tiwọn, bébà mìíràn ló ń rí i. Tèmi pọ́n díẹ̀, ó pọ́n sí i, ó di àwọ̀ elésè-àlùkò. Ó kọjá èyí tó kẹ́yìn lára agolo.

Prof gbé e sókè. "Ilé ta lèyí?" Achille ló nàka sí mi: "Ẹ má mu tíì nílé Hàlímọ̀tù o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Nítíráàtì. Prof ní inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ló ti ń wá, ti ènìyàn àti ti ẹran. Ó ń gba ojú sísán àpáta wọ inú kànga. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ahọ́n kò lè mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà lè mu ún fún ọdún púpọ̀ kí ó máà fura. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà — ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Ètè rẹ̀ á dà bí èyí tí wọ́n fi aró pa.

Ọmọbìnrin kan níwájú béèrè: bí a bá sè é ńkọ́?

Ó ní ìyẹn ló burú jù. Iná ń pa kòkòrò, kò lè pa èyí. Omi á bá ooru lọ, òun á jókòó sínú ìkòkò, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná.

Bí omi bá wá kù sí ìdajì, èyí tó wà nínú rẹ̀ ti le ní ìlọ́po méjì.

Mi ò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni ó ń mọ́ tó. Ẹnu mi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dáadáa láti ilé ìwé bọ̀. Ó wà létòlétò. Mo dé iwájú Ìyá tó ń koná, ohun tó sì jáde ni: "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ò rò pé ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ yẹn sún mọ́ kànga jù?"

Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Diane! Jáde wá gbọ́! Ìmàle wa fẹ́ kí n lé ẹlẹ́dẹ̀ mi!" Ó nu ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ẹlẹ́dẹ̀ ló rán Zéphirin níwèé. Má bẹ̀rù, kò ní wá bá ọ tò sẹ́yìn lémọ́mù."

Dorothée, aládùúgbò wa, gbórí sókè lẹ́yìn ògiri tòun ti oyún ńlá níkùn: "Ìyá, ẹ wé gèlè fún un, kí ó di Alájà!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú rẹ̀ rárá, mo mọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Báyìí, ohunkóhun tí mo bá tún sọ nípa kànga, ọ̀rọ̀ ìmàle àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọn yóò gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu ọ̀nà Ìyá láàárọ̀. Mo gbé e padà. Mo tún gbé e lọ lọ́sàn-án.

Ọjọ́ Àìkú, 26 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ìyá ti lọ sí Mísà. Táńtí Diane pè mí láti yàrá, ohùn rẹ̀ wálẹ̀: "Hàlímọ̀tù, wá bá mi wò ó."

Ó ká aṣọ fèrèsé kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ètè Modeste. Èékánná rẹ̀. Àwọ̀ omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ aró kẹ́yìn. Kò sunkún. Ó ń mí bí ẹni tó gun òkè.

"Ìyá ní òtútù ọyẹ́ ni. Ó ní kí n máa fún un ní omi ìdajì lemọ́lemọ́."

Mo sọ fún un. Ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu mi láìtò — bébà, ẹlẹ́dẹ̀, àpáta, ẹ̀jẹ̀, ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná. Mo rò pé yóò bá mi jiyàn. Kò jiyàn. Ó wo bíbérọ́ọ̀nù, ìgò mílíkì ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i, ó da á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

Mo ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní bí kò bá yàtọ̀ lọ́la, a ó lọ. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú.

"Má sọ fún Ìyá."

"Táńtí, ṣùgbọ́n—"

"O ò mọ ilé yìí. Bí o bá sọ pé májèlé wà nínú kànga ọkọ rẹ̀, èmi ni yóò ní mo kọ́ ọ. Yóò dá mi padà sọ́dọ̀ bàbá mi ní Paouignan, ọmọ yóò sì kù síbí. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ kù síbí?"

Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé orí Modeste. Orí rẹ̀ gbóná, ó rọ̀. "Ṣèlérí."

Mo ṣèlérí. Kò sẹ́ni tó máa ka ibí yìí, n ó sọ òótọ́: ara tù mí. Kò tún di dandan kí n bá Ìyá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo pọn omi pọ́ńpù ilé ìwé sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń pè ní bídọ́ọ̀nù, mo gbé e bọ̀ lórí alùpùpù zémíjàn. Ìyá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo fẹ́ fi omi ìta ṣe, nílé kànga?"

"Àlùwàlá ni, Ìyá."

"Ìmàle àti omi!" Ó bá mi sọ ọ́ kalẹ̀.

Bí a ó ti máa ṣe é nìyí: Ìyá á rọ omi ìdajì kún tẹ́mọ́ọ̀sì pupa. Diane á dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé. Omi tèmi á hó lẹ́ẹ̀kan péré, á rọ́pò rẹ̀. Modeste ti mu ún lẹ́ẹ̀kejì. Diane ní èékánná rẹ̀ ti ń mọ́. Mi ò fẹ́ tètè gbà á gbọ́.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ó ń mọ́. Òótọ́ ni.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù Èrèlé

Modeste ké láàárọ̀ yìí títí gbogbo adìyẹ fi sá. Ẹnu rẹ̀ pupa wẹ̀. Mo jókòó sórí ẹní mi, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan bí wèrè. Màmá mi pè mí lórí pọ́tábù, ó ní ohùn mi yàtọ̀, ó ní ṣé mo ti lọ́rẹ̀ẹ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni — ọ̀rẹ́ mi kò tíì léyín.

Ọjọ́rú, 5 oṣù Èrèlé

Ìyá pè mí jáde síwájú àwọn obìnrin tó wá pọn omi. Ó gbé Modeste sókè bí ife ẹ̀yẹ.

"Ẹ wò ó! Ẹ̀yin tó ń sọ pé ọmọ mi ò ní yè! Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo sè é kọjá ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń kù sí ìkòkò mi báyìí. Igi ń tán, mi ò wo igi. Ta ló là mí lójú? Ọmọ Sakété yìí ni! Ó ní bó bá ṣe pẹ́ tó ni ó ń mọ́ tó."

Wọ́n kí mi. Ọ̀kan fọwọ́ kan èjìká mi. Dorothée ní, "Alájà wa, n ó wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ bí mo bá bí."

Ìyá bu wàgáṣì díndín, wàràkàṣì àwọn Fúlàní, fún mi nínú abọ́. Mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Mo wo Diane, Diane ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Èrèlé

Dorothée ti bímọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e. Obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Sonia. Ìyá kọrin yí àgbàlá ká.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Èrèlé

Dorothée padà délé lónìí. Kò tíì lè dìde dúró dáadáa, wàrà rẹ̀ ò sì tíì wá.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo rí Ìyá tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí Mísà. Ó gbé tẹ́mọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Kì í ṣe ti pupa — tuntun ni, aláwọ̀ ewé, ó rà á fún wọn.

Mo sáré wọ ọ̀dọ̀ Diane. Ó ti rí i láti fèrèsé.

"Wọ́n á máa fún un lọ́mú," ó ní. "Díẹ̀ ni omi tí yóò mu."

"Wàrà ò tíì wá, Táńtí."

"Yóò wá."

"Bí kò bá wá ńkọ́?"

Ó gbé Modeste sí apá kejì. "O ti ṣèlérí," ó ní. Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Èrèlé

Tẹ́mọ́ọ̀sì lọ láàárọ̀. Tẹ́mọ́ọ̀sì lọ nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Èrèlé

Mo ronú ọgbọ́n kan. Mi ò ní sọ nǹkan kan, ìlérí á dúró. Omi ni n ó gbé lọ.

Mo rọ omi pọ́ńpù sínú ìgò ńlá kan, mo fọ ìgò náà títí ó fi ń dán. Mo lọ. Yàrá wọn kún fún àlejò. Ìyá Dorothée béèrè pé ta lèyí, ẹnì kan ní, "Ìmàle tó ń gbé ọ̀dọ̀ Ìyá Zéphirin." Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, "Ẹ kú ewu ọmọ. Omi ni mo mú wá. Fún ọmọ."

"Omi?" Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín. "Ará ilé kànga ló wá ń ru omi ìta kiri!"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó gbìyànjú," Ìyá Dorothée ní. "Ó ṣeun, ọmọ mi. Gbé e síbẹ̀ yẹn."

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà náà. Gbólóhùn kan péré. Ẹsẹ̀ mi ń wá ilẹ̀kùn ṣáá. Kí n tó jáde, ọkùnrin yẹn ti ṣí ìgò náà, ó fi ń fọwọ́, oúnjẹ ti dé.

Mo rí Sonia fìrí. Wọ́n fi aṣọ bò ó dé àgbọ̀n nítorí ọyẹ́. Mi ò rí ètè rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Èrèlé

Láti àná mi ò gbọ́ igbe Sonia lẹ́yìn ògiri.

Mo sọ fún Diane pé mo fẹ́ lọ sọ fún wọn láàárọ̀ ọ̀la, kí ìlérí máa lọ. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Má dárúkọ mi."

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Èrèlé

Mo kírun àárọ̀, mi ò padà sùn. Bí ilẹ̀ ti mọ́, mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí lédè Faransé, lédè Yorùbá, bí Ìdáàṣà tí mo gbọ́ ti mọ.

Ilẹ̀kùn wọn ṣí sílẹ̀. Kò sẹ́ni kankan nínú ilé. Aṣọ ọmọ kan wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tẹ́mọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé wà lórí tábìlì, ìdérí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo gbé e. Ó kù díẹ̀ ní ìdí, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọmọdé kan tó ń gbálẹ̀ lójúde sọ fún mi pé ilé ìwòsàn ni wọ́n sáré gbé Sonia lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù Èrèlé

Wọ́n gbé e bọ̀ lọ́sàn-án. Nínú aṣọ kan náà. Wọn kò jẹ́ kí ó pẹ́, wọ́n ti sin ín.

Igbe Dorothée gba orí ògiri kọjá, ó lu òkè, ó padà sọ́dọ̀ wa.

Ìyá bọ̀ láti ibẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò lọ koná. Ó jókòó sí etí kànga, tẹ́mọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé lórí itan rẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Diane wà lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, Modeste lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa irun ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Omi kan náà ni," Ìyá ní. Kì í ṣe èmi ló kọ́kọ́ ń bá sọ ọ́. "Ìkòkò kan náà. Iná kan náà. Bí mo ti sè é fún Modeste ni mo ṣe sè é fún un, kódà mo sè é jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó gbójú sókè. "Akẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ lo mọ̀wé. Kí ló dé tó fi gba ọ̀kan là, tí kò gba èkejì?"

Diane mi orí sí mi. Díẹ̀ báyìí. Má sọ.

Mo ní, "Modeste kò mu ún, Ìyá."

Ó ní, "Kí lo wí?"

"Omi pọ́ńpù ni Modeste ń mu. Èmi ni mo ń gbé e wá nínú bídọ́ọ̀nù àlùwàlá yẹn. Ìgbà tí ó fi omi ìdajì sílẹ̀ ni ara rẹ̀ tó yá."

Mo sọ ìyókù. Ohùn mi kéré, ṣùgbọ́n kò gé. Mo sọ ti bébà, ti ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ àti ṣáláńgá, ti ojú àpáta tó sán, ti ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná. Mo ní èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ fún un ní ọjọ́sí. Diane wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ń retí kí ó pariwo. Kí ó pè mí ní ìmàle, kí ó ju ẹrù mi síta. Kò ṣe é. Ó fọwọ́ pa òkúta etí kànga, àwọn òkúta tí ọkọ rẹ̀ tò, ó ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pa ẹ̀yìn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó di páànù ńlá tó wà lára ògiri mú, ó ń wọ́ ọ bọ̀. Mo sáré lọ ràn án lọ́wọ́. Ó mi orí. Òun nìkan ló wọ́ ọ dé orí kànga, òun nìkan ló gbé òkúta lé e, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, títí èémí rẹ̀ fi ń sú fèé.

Ó jókòó sórí páànù náà.

"Ọjọ́ wo lo ti mọ̀?" ó ní.

Mo lè pa irọ́. Mo rí irọ́ náà níwájú mi, ó kéré, ó rọrùn bí ti àlùwàlá.

"Ọjọ́bọ̀ kan ni, Ìyá. Nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Dorothée kò tíì bí."